Sí ẹ̀yin ọmọ wa tó ń kọ́ ọkọ̀ abẹ́ omi létí Ọ̀sà Àjàṣẹ́: ta ni yóò máa ṣọ́ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀?

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá, ẹ sì kú ìnáwó. Ìyá yín kan ló ń kọ̀wé yìí láti Ouando níbí, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Nọ́ọ̀sì ni mí. Iṣẹ́ fífún aláìsàn ní oògùn akunnilóorun nínú yàrá iṣẹ́ abẹ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọmọ àbúrò mi wà láàárín yín, òun ló mú mi wá wo ọkọ̀ náà ní ìsọ̀ yín. Mo ti bá a sọ ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn, ó sì ní kí n kọ ọ́ síta kí gbogbo yín lè kà á pọ̀, kí ẹlòmíràn tó ń gbèrò irú iṣẹ́ yìí ní Kútọnu tàbí ní Èkó sì lè rí i kà.

Inú mi dùn sí ohun tí mo rí. Ojú ibi tí ẹ ti jó irin náà pọ̀ tẹ́jú, kò rí wúruwùru. Mo rí fèrèsé tó nípọn, ìlẹ̀kùn orí rẹ̀ tí ẹ fi rọ́bà yí ká, àti bátìrì mọ́tò tí ẹ tò sábẹ́ ìjókòó. Àwọn ọmọ tó ń ṣe irú nǹkan báyìí nílùú wa kò pọ̀, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa yín lẹ́nu mọ́ pé iṣẹ́ òyìnbó ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo béèrè ohun tí ẹni tó bá wà nínú rẹ̀ yóò máa mí, ìgò ọ́síjìn kékeré kan lẹ fi hàn mí, irú èyí tí àwọn tó ń jó irin ń lò, ẹ sì ní kò kúkú ní pẹ́ lábẹ́ omi. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi kò ti balẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹ má sọ ẹnikẹ́ni kalẹ̀ sínú omi, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, títí ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ afẹ́fẹ́ yóò fi wà nínú ọkọ̀ náà, tí aago ìkìlọ̀ rẹ̀ ń dún, tí gbogbo yín sì ti fẹnu kò pé bí aago tó ní kí ẹ gòkè bá ti dún, ọkọ̀ ń gòkè bọ̀ nìyẹn, kò sí àríyànjiyàn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pọ̀. Afẹ́fẹ́ tí ẹ ń mí ní ìsọ̀ yín, 20.9% rẹ̀ ni ọ́síjìn. Kábọ́ọ̀nù dayọ́kísáìdì, èyí tí a máa ń kọ ní CO2, kò ju nǹkan bíi 0.04% lọ. Ẹni tó bá jókòó jẹ́ẹ́ máa ń lo ọ́síjìn tó tó lítà 25 ní wákàtí kan, á sì mí CO2 tó tó lítà 20 síta. Ká ní afẹ́fẹ́ tó kù nínú ọkọ̀ yín, lẹ́yìn tí ẹ bá ti kó ìjókòó, bátìrì àti awakọ̀ fúnra rẹ̀ sí i, jẹ́ lítà 1,500. Bí wákàtí kan bá fi máa pé, CO2 ti tó 1.4%. Ní wákàtí kejì, 2.7%. Ní wákàtí kẹta, ó ti dé 4%. Ọ́síjìn ní àkókò yẹn ṣì wà ní nǹkan bíi 16%. Ìyẹn ni pé kí àìtó ọ́síjìn tó dá ẹni náà kúnlẹ̀, CO2 ti ṣe é léṣe: orí ti ń fọ́ ọ, ó ń mí lókè lókè, òógùn bò ó, ọpọlọ rẹ̀ kò sì já geere mọ́. Bí ẹ bá fi ẹni méjì sínú ọkọ̀ náà, àkókò yẹn á já sí ìdajì. Bí ẹ̀rù bá wá ba awakọ̀, tó ń bá ọkọ̀ jà kó lè yọ nínú ẹrẹ̀, èémí rẹ̀ lè di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ti ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́.

Ẹ wá rí i pé ìgò ọ́síjìn nìkan kò tó. Bí ẹ tú ọ́síjìn sínú ọkọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, CO2 kò ní kúrò níbẹ̀ àfi bí nǹkan kan bá ń gbà á kúrò.

Iye CO2 tí wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ kọjá ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ ni 0.5%. Bí CO2 bá ti tó 2% sí 3%, èémí á yára, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Ní 5%, ẹni náà á máa mí bí ẹni tó sáré, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á sì máa dàrú. Láti 7% sí 10%, ó dákú. Ohun tí nọ́ńbà wọ̀nyí kò lè sọ fún yín ni mo ti fojú rí. Aláìsàn tí CO2 ti kó jọ sí lára, ojú rẹ̀ á pọ́n, ara rẹ̀ á gbóná, òógùn á máa bọ́ lára rẹ̀, oorun á máa kùn ún. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ṣé kò sí, á ní kò sí nǹkan kan. Kì í ṣe irọ́ ló ń pa; bó ṣe rí lójú ara rẹ̀ nìyẹn. Ti ẹni tí ọ́síjìn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé inú rẹ̀ lè máa dùn, kí ó máa rẹ́rìn-ín, kí ó sì rò pé òun mọ ohun tí òun ń ṣe. Nítorí náà, bí ọmọ àbúrò mi ṣe wí pé "Màmá, bí afẹ́fẹ́ bá ti ń bàjẹ́, mo máa mọ̀," ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù jù. Ọpọlọ tó fẹ́ fi mọ̀ ọ́n ni afẹ́fẹ́ búburú máa kọ́kọ́ mú lọ.

Ẹ̀yin náà gbọ́ nípa kànga. Ní ìhà Kétu lọ́hùn-ún, níbi tí kànga ti máa ń jìn, àgbà á kìlọ̀ fún yín pé bí ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ kò bá dáhùn mọ́, ẹ má ṣe sáré tẹ̀ lé e. Ẹni kejì tó bá kó sí i nítorí ìfẹ́ ará lè kú tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́. Kò sí omi tó jìn nínú ọ̀rọ̀ yẹn, kò sí ìgbì. Ibi tí a pa dé, tí afẹ́fẹ́ rere kò wọ̀, ti tó. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé Ọ̀sà kò jìn, pé ewu kò sí, ẹ rántí èyí.

Ọ̀kan nínú yín fi ẹ̀rọ kékeré tí a ń fi há ìka hàn mí, èyí tó gbòde nígbà àrùn Kòrónà, ó ní òun ni awakọ̀ yóò máa wò. Ẹ̀rọ yẹn wúlò, mo mọyì rẹ̀ púpọ̀, àìmọye ẹ̀mí ló ti gbà lójú mi. Ṣùgbọ́n ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ nìkan ló ń wò. Kò mọ̀ bóyá CO2 wà láyé. Bí ẹ bá ń tú ọ́síjìn sínú ọkọ̀ tí ohunkóhun kò gba CO2 kúrò, ẹ̀rọ ìka á máa sọ pé 98 títí oorun á fi gbé awakọ̀ lọ.

Ohun tí ń gba CO2 kúrò ni soda lime, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí pé èmi àti òun jọ ṣiṣẹ́ pẹ́. Òun ló máa ń wà nínú agolo tó mọ́ gaara lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ akunnilóorun, kí aláìsàn lè tún afẹ́fẹ́ tó mí síta mí láìsí ewu. Hóró funfun wẹ́wẹ́ ni, bíi mìlímítà méjì sí mẹ́rin, calcium hydroxide ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí CO2 bá ń gba àárín rẹ̀ kọjá, ó máa ń gbóná, omi díẹ̀ sì máa ń sun jáde. Ẹ gbé ọwọ́ lé ara agolo náà, ẹ óò mọ ibi tí iṣẹ́ ti ń lọ lọ́wọ́: ìgbóná yẹn á bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, á máa rìn lọ sí òdìkejì bí àwọn hóró ẹ̀yìn ṣe ń kú. Agolo tó tutù ní gbogbo ara nígbà tí ènìyàn ń mí sí i, kò ṣiṣẹ́. Èyí tí wọ́n fi aró ìtọ́kasí pò máa ń yí láti funfun sí àwọ̀ àlùkò bí agbára rẹ̀ bá tán.

Àwọ̀ yẹn kan náà ló lè tan yín. Bí agolo tó ti yí pátápátá bá sinmi mọ́jú, àwọ̀ àlùkò yẹn lè ṣá, kí gbogbo hóró náà tún funfun báláú, bẹ́ẹ̀ agbára wọn kò padà. Ẹni tó bá dé láàárọ̀ tí kò mọ̀ á rò pé tuntun ni. Ìdí nìyí tí a fi máa ń kọ ọjọ́ àti wákàtí tí a ti lò sára agolo, tí àkókò rẹ̀ bá sì ti pé, a ó dà á nù láìwo àwọ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń rọ ọ́ sínú agolo, ẹ máa gbá agolo náà pẹ́pẹ́ kí àwọn hóró lè jókòó dáadáa, nítorí pé bí àyè bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ máa gbà, kò ní kan hóró rárá. Ẹ má jẹ́ kí omi kàn án, ó máa ń jó ọ̀fun. Fáànù tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀, ẹ so òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan mọ́ ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, kí awakọ̀ lè rí i pé ó ń fì. Òwú yẹn kò ná yín ní sẹ́fà kan, kò sì nílò iná.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1973, ọkọ̀ abẹ́ omi kan tó ń jẹ́ Johnson Sea Link há mọ́ ọkọ̀ ogun àtijọ́ kan tí wọ́n ti rì sísàlẹ̀ òkun lẹ́bàá Key West ní Florida. Èèyàn mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, méjì níwájú nínú yàrá akíríìlì, ìyẹn ike líle tó mọ́ gaara, méjì lẹ́yìn nínú yàrá alumíníọ́ọ̀mù. Òtútù omi tètè ń gba ara alumíníọ́ọ̀mù kọjá. Hóró tó yẹ kó máa gba CO2 kúrò nínú yàrá ẹ̀yìn tutù, agbára rẹ̀ sì wálẹ̀. Ó ju wákàtí 24 lọ kí wọ́n tó fa ọkọ̀ náà yọ. Àwọn méjì iwájú yè é. Àwọn méjì ẹ̀yìn ti kú, CO2 ló pa wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn ni ọmọ bíbí Edwin Link, ẹni tó ṣe àgbékalẹ̀ ọkọ̀ náà. Àwọn yìí kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì, owó wà lọ́wọ́ wọn, ọkọ̀ ojú omi ńlá sì wà lókè tó ń wá wọn. Ní ọdún kan náà, àwọn méjì tó wà nínú ọkọ̀ abẹ́ omi mìíràn, Pisces III, há sísàlẹ̀ òkun lẹ́bàá Ireland fún ohun tó ju ọjọ́ mẹ́ta lọ ní jíjìn bíi mítà 480. Wọ́n dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, wọn kì í sọ̀rọ̀ àfi bó bá pọn dandan, kí èémí má baà pọ̀, wọ́n sì yè é. American Bureau of Shipping, àjọ Amẹ́ríkà tó ń fi ìlànà lélẹ̀ fún ọkọ̀ omi, máa ń béèrè pé kí ohun mímí tó tó wákàtí 72 wà nípamọ́ nínú ọkọ̀, yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fẹ́ lò fún iṣẹ́ ọjọ́ náà. Mo mọ̀ pé wákàtí 72 kò rọrùn fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ má wí fún mi pé ìgò kékeré yẹn tó.

Ó wá ku ẹ̀rọ ìṣọ́ fúnra rẹ̀. Ọmọ àbúrò mi ní ẹ ti ra sẹ́ńsọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pé ẹ óò so ó mọ́ kọ̀ǹpútà kékeré. Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ yẹ ohun tí ẹ rà wò. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà ní owó pọ́ọ́kú kì í ka CO2 rárá. Òórùn àti èéfín ló ń gbọ́, ìyẹn ló máa fi fojú bu CO2, á sì kọ nọ́ńbà síbẹ̀ bí ẹni pé ó wọ̀n ọ́n. Òmíràn ń fi ìmọ́lẹ̀ infurarẹ́ẹ̀dì kà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tó lè kà dé kò ju 5,000 ppm lọ, ìyẹn 0.5%. Bí inú ọkọ̀ bá ti di 3%, ibi 5,000 náà ló máa dúró sí. Ẹ wá èyí tó lè kà dé 5% ó kéré tán. Òmíràn tún wà tí wọ́n ṣe fún inú ilé àti ọ́fíìsì: láàárín ọjọ́ mélòó kan, á mú iye tó kéré jù nínú ohun tó ti rí, á ní afẹ́fẹ́ ìta nìyẹn, á sì tún ara rẹ̀ ṣe lé e lórí. Nínú ọkọ̀ tí ẹ máa ń pa dé, irọ́ ni yóò máa pa fún yín. Ẹ pa ètò yẹn nínú rẹ̀.

Sẹ́ńsọ̀ ti ọ́síjìn, bátìrì kékeré kan ni lóòótọ́, tó ń fi ọ́síjìn ṣe iná. Láti ọjọ́ tí ẹ bá ti já ọ̀rá rẹ̀ ló ti ń darúgbó, bí ẹ lò ó bí ẹ kò lò ó. Ọdún méjì tàbí mẹ́ta ló sábà máa ń tó. Èyí tó ti ń kú lè ka afẹ́fẹ́ ìta dáadáa, kó má sì lè ka ohun tó ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́. Ọ́síjìn á máa jò láti inú ìgò, inú ọkọ̀ á ti di 28%, òun á ṣì máa sọ pé 22. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ já a sí i lára. Láràárọ̀ tí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ gbé e síta níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kó ka 20.9.

Ohun kẹta tí mo fẹ́ kí ẹ fi sí i ni barómítà, èyí tó ń wọn ìfúnpá afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀. Kò gbówó lórí, kò nílò iná, ó sì ń sọ òótọ́ púpọ̀. Bí ìgò kan bá ń jò, ìfúnpá á gòkè. Bí omi bá ń wọlé, á gòkè. Bí soda lime bá ń ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n tí ẹ kò tú ọ́síjìn tó, á máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bó bá dúró lójú kan, tí sẹ́ńsọ̀ méjèèjì náà sì dúró, ọkàn awakọ̀ lè balẹ̀.

Méjì méjì ni kí sẹ́ńsọ̀ wọ̀nyí jẹ́, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní bátìrì tirẹ̀, kì í ṣe èyí tó ń yí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Bí ohun tí wọ́n sọ bá yàtọ̀ síra, èyí tó sọ ohun tó burú jù ni kí ẹ gbà gbọ́, kí ẹ gòkè, kí ẹ wá wádìí rẹ̀ lórí ilẹ̀. Ti èmi, aago CO2 àkọ́kọ́ á dún ní 0.5%, èyí tó túmọ̀ sí "ẹ wo agolo yín". Ekejì á dún ní 1%, ìyẹn ni "ẹ gòkè". Aago ọ́síjìn á dún bó bá lọ sísàlẹ̀ 19.5%, á sì dún bó bá kọjá 23%, nítorí pé ọ́síjìn tó pọ̀ jù máa ń sọ iná kékeré di àjálù.

Lórí aago yìí, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀. Ohun tí mo bá jà jù lẹ́nu iṣẹ́ mi ni bọ́tìnnì tó ń pa aago lẹ́nu mọ́. Nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, aago máa ń dún nítorí nǹkan tí kò tó nǹkan: wáyà tó ṣí, ìka tó gbọn. Bó bá pẹ́, ọwọ́ á ti tẹ bọ́tìnnì kí ojú tó wo ohun tí wọ́n ń kìlọ̀ lé lórí. Mo ti rí i lọ́dọ̀ ọ̀jáfáfá. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí aago yín máa dún lásán. Ẹ fi í sí iye tó ní ìdí, kí ó lè jẹ́ pé bó bá dún, nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Ẹ má sì fi bọ́tìnnì tó ń pa á pátápátá sí ibi tí ọwọ́ awakọ̀ lè dé. Kó dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, kó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi iná pupa kan sí ọ̀kánkán ojú rẹ̀, nítorí pé ariwo fáànù àti ti ẹ́ńjìnnì nínú agbá irin lè bo ohùn aago.

Síbẹ̀, aago tí a gbọ́ tí a kò gbà kò yàtọ̀ sí èyí tí kò dún. Gbogbo yín mọ̀ nípa ọkọ̀ abẹ́ omi Titan, tó fọ́ mọ́ èèyàn márùn-ún nínú ní 18 June 2023 bí wọ́n ṣe ń lọ wo Titanic. Ọkọ̀ yẹn ní ẹ̀rọ tó ń tẹ́tí sí ara rẹ̀ bóyá ó ń sán. Ní July 2022, bí wọ́n ṣe ń gòkè bọ̀, àwọn tó wà nínú rẹ̀ gbọ́ ariwo ńlá kan, ohun tí sẹ́ńsọ̀ ń kọ sílẹ̀ sì yí padà láti ìgbà náà. Ìgbìmọ̀ ẹ̀ṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà tó wádìí ọ̀rọ̀ náà sọ ọ́ nínú ìjábọ̀ wọn ní ọdún 2025. Ẹ̀rí wà nílẹ̀, wọn kò sì dá ọkọ̀ náà dúró. Mo fẹ́ kí ẹ kọ òfin yín sílẹ̀ nísinsìnyí tí ara tutù, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn, kí gbogbo yín fọwọ́ sí i: bí aago kejì bá dún, a gòkè. Kì í ṣe ọ̀gá ló máa pinnu, kì í ṣe awakọ̀.

Ẹ tún fi bọ́tìnnì kan sí i tí awakọ̀ gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Bí kò bá tẹ̀ ẹ́, aago á dún. Bí ìṣẹ́jú kan bá tún kọjá tí kò tẹ̀ ẹ́, kí irin wúwo tó wà lábẹ́ ọkọ̀ já bọ́ fúnra rẹ̀, kí ọkọ̀ léfòó. Àwọn kan tó ń kọ́ irú ọkọ̀ yìí níbòmíràn ń ṣe irú rẹ̀. Kí irin náà sì tún ní ọwọ́ tí a lè fi já a láìlo iná.

Mo ní kí n sọ ti Ọ̀sà fúnra rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀dọ̀ yín ni mo ti yẹ kí n kọ́ ọ. Àwọn apẹja ti ri igi akájà sí i káàkiri, àwọ̀n wà níbẹ̀, okùn wà níbẹ̀. Ní August 2005, àwọ̀n àti wáyà ló mú ọkọ̀ abẹ́ omi Rọ́ṣíà kan, AS-28, lẹ́bàá Kamchatka pẹ̀lú ọkùnrin méje nínú rẹ̀. Bíi ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi wà níbẹ̀ kí ẹ̀rọ aláìlawakọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé wá tó gé wọn sílẹ̀. Ta ni yóò gbé irú rẹ̀ wá sí Àjàṣẹ́ fún yín? Àwọn apẹja ará Aguégué àti okùn wọn ni ẹ ní. Nítorí náà, ẹ so okùn tó lágbára mọ́ ọkọ̀ náà, kí gọngọ́ aláwọ̀ pupa máa léfòó lórí rẹ̀, kí ọkọ̀ ojú omi kan máa tẹ̀ lé e, kí ẹ sì ṣe àdéhùn iye ìgbà tí wọn yóò fa okùn bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, torí pé rédíò àti fóònù kì í ṣiṣẹ́ gba inú omi. Ẹ má gbọ́kàn lé ìlẹ̀kùn yẹn. Ní mítà 5 péré, ìlẹ̀kùn tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 50, omi tó wúwo tó nǹkan bíi kílò 980 ló wà lórí rẹ̀. Ẹni kankan kò lè tì í láti inú.

Àwọn kan nínú yín dárúkọ Harrison Okene fún mi, ọmọ Nàìjíríà tó jẹ́ alásè nínú ọkọ̀ ojú omi Jascon-4 tó rì lẹ́bàá Escravos ní May 2013. Ó lo nǹkan bíi wákàtí 60 nínú afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́ kù nínú ọkọ̀ náà ní nǹkan bíi mítà 30 kí àwọn awẹdò tó rí i. Ọlọ́run ló yọ ọ́, mo gbà á tọkàntọkàn. Àyè tó wà níbẹ̀ tóbi, ìfúnpá ti fún ọ̀pọ̀ afẹ́fẹ́ pọ̀ sínú rẹ̀, omi tó yí i ká sì ń fa díẹ̀ nínú CO2 rẹ̀ mu. Nínú ọkọ̀ yín, àyè kò tóbi, kò sì sí omi tó máa bá yín fa CO2 mu. Èèyàn méjìlá ló wà nínú Jascon-4. Òun nìkan ló yè.

Àwọn yòókù, mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Bátìrì mọ́tò máa ń tú háídírójìn jáde bí a bá ń fi iná sí i, bí ó bá sì ti tó 4% nínú afẹ́fẹ́, ó lè bú gbàmù. Ẹ yọ wọ́n síta kí ẹ tó fi iná sí wọn. Ẹ má jẹ́ kí epo tàbí gírísì kan fáfù ọ́síjìn. Bí ẹ bá ń fún afẹ́fẹ́ sínú ìgò, ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ tó ń jó epo kpayo jìnnà sí ẹnu kọ̀ǹpúrésọ̀, kí afẹ́fẹ́ sì máa fẹ́ èéfín náà lọ sí òdìkejì, nítorí pé kábọ́ọ̀nù mónọ́kísáìdì kò ní òórùn.

Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ kí ọkọ̀ náà wọ omi ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ, ọjọ́ òmìnira, pé àwọn èèyàn pàtàkì yóò wá. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí sọ, ṣùgbọ́n ẹ sún un síwájú. Àsìkò tí omi Ouémé bẹ̀rẹ̀ sí í kún nìyẹn, omi á pọ́n, awakọ̀ kò ní rí nǹkan kan lójú fèrèsé. Ẹ̀mí kò láàrọ̀, àwọn tó bá fẹ́ràn yín yóò sì padà wá ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn.

Kí ó tó di ìgbà náà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dán an wò lórí ilẹ̀. Ẹ gbé ọkọ̀ náà sábẹ́ igi ní ìsọ̀ yín. Kí awakọ̀ wọ inú rẹ̀, kí ẹ pa ìlẹ̀kùn dé, kí ẹni méjì dúró tì í tí wọ́n lè ṣí i ní ìṣẹ́jú àáyá. Kí fáànù máa ṣiṣẹ́, kí soda lime wà níbẹ̀, kí òun máa ka nọ́ńbà sókè ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, kí ẹni kan níta máa kọ ọ́ sílẹ̀: ọ́síjìn, CO2, ìfúnpá, ìgbóná. Ẹ kọ́kọ́ ṣe wákàtí kan, lẹ́yìn náà mẹ́ta, lẹ́yìn náà mọ́júmọ́. Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ pa fáànù náà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ rí i bóyá aago máa dún ní 0.5% bí ẹ ṣe ní kó dún, ìṣẹ́jú mélòó sì ni. Bí kò bá dún, ẹ ṣí ìlẹ̀kùn, kí ẹ padà sídìí iṣẹ́.

Mo fẹ́ wá. Èmi ni kí ẹ jẹ́ kí n jókòó síta pẹ̀lú ìwé àti bírò, mo mọ bí a ṣe ń ṣọ́ ẹni tó ń mí. Màá bá yín rọ agolo soda lime àkọ́kọ́, màá sì fi ọwọ́ yín kan ara rẹ̀ níbi tó ti ń gbóná. Ọjọ́ Sátidé èyíkéyìí tó bá rọ̀ yín lọ́rùn dára fún mi, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, kí oòrùn tó mú. Ẹ rán ọmọ àbúrò mi wá sọ ọjọ́ náà fún mi.

Ìyá yín, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì,
Ouando, Àjàṣẹ́